Àwo Tí Wọ́n Tò Títí Ó Fi Bàjẹ́

Lesieli Vaipuna kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ní Neiafu, ìlú wa láàárín àwọn erékùṣù, máa sọ fún ọ nípa rẹ̀ nìyẹn. Fìríìjì nìkan ló yọ̀ǹda fún. Ó ní fìríìjì kì í ṣiṣẹ́, ó kàn ń tutù ni.

Bàbá rẹ̀ ni adarí orin ṣọ́ọ̀ṣì ní Makave. Lesieli fúnra rẹ̀ kò lóhùn orin. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tẹlifóònù, ó ń so ohùn ará erékùṣù kan mọ́ ti ará erékùṣù mìíràn. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tuntun dé tí kò nílò èèyàn, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Ó lọ sílé, ó ń hun ẹní. Ọkọ rẹ̀ lọ já èso ní Australia, kò padà wá. Kò kú o. Kò kàn padà wá ni.

Orin àtijọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í ní dùùrù. Ẹnì kan á gbé e, àwọn yòókù á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn á sì máa yí ara wọn ká. Kò sí ẹni tó kọ bó ṣe ń yí sílẹ̀. Etí la fi ń kọ́ ọ. Dùùrù àti fèrè idẹ ni àwọn ọmọ ìwòyí fẹ́, nítorí náà bí arúgbó kan bá ti kú, orin á dín. Gbogbo wa rí i. Lesieli nìkan ló dìde sí i.

Ó yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Hunga, sí Ofu, sí Taunga, ó di búrẹ́dì àti ẹran inú agolo lọ fún àwọn àgbà. Àwọn kan kọrin kíá. Àwọn mìíràn ní kí ó padà lọ. Kalisitiane ará Hunga ló le jù nínú wọn. Òun nìkan ló kù tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé orin ìkẹyìn ìsìn òwúrọ̀.

“Kí lo fẹ́ fi ohùn mi ṣe?” ni Kalisitiane bi í.

“Kí àwọn ọmọ lè gbọ́ ọ ni, Bàbá.”

“Àwọn ọmọ kò gbọ́ mi nígbà tí mo ń pariwo lé wọn lórí.”

“Ẹ kọ ọ́ fún èmi nígbà náà.”

“Fún ìwọ? Ìwọ tí ò ń kọrin bí ewúrẹ́ tí okùn há lọ́rùn?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó dáadáa, ó sì kọrin. Kí wọ́n tó wa iṣu ọdún náà, ó ti kú. Àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di ọdún tó kọjá, kò sí ọ̀kankan nínú wọn láyé mọ́. Ohùn wọn wà nínú kọ̀ǹpútà kan, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ fẹ́ ti kọ́ orin náà fún ọdún ìdásílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pa nǹkan mọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwo irin kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí. Tí èèyàn bá fi orin sínú àwo náà, ẹ̀rọ lè gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó fi ọ̀kan síhìn-ín, kí ó fi ọ̀kan sọ́hùn-ún, níbi tí àyè bá ti wà. Ó ní ibi tó ń sàmì sí kí ó lè rántí ibi tó fi wọ́n sí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á kó wọn jọ sójú kan kí iṣẹ́ lè yá. Ohun dáadáa ni. Ẹni tó bá ní àká iṣu mọ̀ pé ó yẹ kí a máa tún un tò nígbà tí ó bá tó àkókò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn tó ṣe ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti òkè òkun. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn wọlé ni. Láti ọjọ́ náà, bí Lesieli bá ti tan kọ̀ǹpútà, àwo á bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ojú ẹ̀rọ á kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò tíì to àwo yìí rí. Obìnrin náà á jẹ́ kí ó tò ó. Ẹ̀rọ á tò ó tán. Lesieli á pa á, á lọ sílé. Bí ó bá tún tan án, ohun kan náà ni: wọn kò tíì to àwo yìí rí.

Ó lọ bá Uaisele. Uaisele ló ta kọ̀ǹpútà náà fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kàwé ní Auckland, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù létí èbúté. Ó máa ń ṣàwàdà, ara rẹ̀ sì yá mọ́ọ̀yàn.

“Uaisele, ẹ̀rọ rẹ ti ń ṣarán.”

“Kí ló ṣe, Àǹtí?”

“Ó tún ilé ṣe lánàá. Lónìí ó ní òun kò tún un ṣe rí.”

“Ọkọ tó bá gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣé a máa ń lé e jáde ni?”

“Èmi kò rí èyí tó gbá a lẹ́ẹ̀kan. Bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn.”

Uaisele kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ètò náà. Ìdáhùn dé. Nígbà tí Lesieli padà wá, ó kà á fún un lórí fóònù rẹ̀.

“Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tó ń kọ sójú nìkan ló ṣì. Kò tò ó ní ti gidi. Wọ́n ní kí ẹ má wo ibẹ̀.”

“Ṣé o ti gbé ọwọ́ lé e?”

“Lé kí ni?”

“Lé àpótí ẹ̀rọ náà. Ó gbóná bí òkúta inú ààrò. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kì í làágùn.”

“Àǹtí mi, àwọn tó ṣe é ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀yin wá mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ ni?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Mò ń gbọ́ ìró rẹ̀ ni.”

“Ẹ̀yin náà ti ń dẹ etí sí i bí ọmọ tó ní ibà. Ẹ lọ jókòó, ẹ sinmi.”

Lesieli lọ. Ó gbà wọ́n gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un pé ó gbóná, ó sì ní ọwọ́ òun ló ń purọ́. Èyí ló ń bí i nínú jù títí di òní, ó ju ti àwo fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè bóyá kò ní ẹ̀dà mìíràn. Ó ní. Ó da gbogbo ohùn náà kọ sínú àpótí kékeré kan tí ó ń kì bọ kọ̀ǹpútà, ó sì gbé e sílé, lórí pẹpẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì. Ibẹ̀ ni Toakase ti rí i.

Toakase ni arábìnrin bàbá rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, arábìnrin bàbá ju bàbá fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tó bá wù ú nínú ilé ọmọ arákùnrin rẹ̀, tirẹ̀ ni. Kì í tọrọ, ṣe ló ń mú un. Ó wá já ewé kókò tí yóò fi di ẹran fún oúnjẹ Sọ́ńdè, ó wọlé wá mu omi, ó sì gbójú sókè.

“Kí lèyí?”

“Ibi tí mo tọ́jú ohùn àwọn àgbà sí ni, Ìyá. Èyí ni ìkejì.”

“O ní ọ̀kan, o tún ní ìkejì. Ọmọ-ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó, kò rí ibi tí yóò kó fọ́tò sí.” Ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, sáàárín ewé.

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́...”

“Kí o kọ́kọ́ kí ni?”

Lesieli wo ilẹ̀. “Kò sí nǹkan, Ìyá. Ó dára bẹ́ẹ̀.”

“Ewé rẹ tutù dáadáa lọ́dún yìí,” ni Toakase wí, ó sì bọ́ sóde.

Àwọn ọmọ ilé Toakase nu ohùn kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n lè rí àyè kó fọ́tò ìyàwó sí. Kò sí ẹni tó máa sọ ní Neiafu pé Toakase ṣe ohun tí kò tọ́. Èmi náà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Lesieli lọ sọ́dọ̀ Uaisele láti ra òmíràn. Uaisele ní ó ti tán, pé ọkọ̀ ń gbé e bọ̀ láti Nukuʻalofa, olú ìlú wa. Ojú òkun kò dára lọ́sẹ̀ yẹn, ọkọ̀ kò dé.

Sátidé dé. Òfin kan wà nípa gbọ̀ngàn wa. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a máa ń pa iná yàrá ẹ̀yìn láti ara ògiri, kì í ṣe láti ara ẹ̀rọ nìkan. Lesieli fúnra rẹ̀ ló dìde nípàdé tó dá òfin náà. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n pa tí iná kékeré ara rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú kò tíì sinmi, ó kàn dibọ́n ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fẹ́ pa kọ̀ǹpútà. Ó kọ̀. Ojú rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ń to àwo lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má pa iná. Lesieli jókòó, ó dúró dè é. Èéfín àwọn tó ń dáná kọjá lójú fèrèsé, oòrùn rẹlẹ̀, àwo ń kùn. Ó dìde, ó tún jókòó. Wọ́n ti sọ fún un pé kò tò ó ní ti gidi. Wọ́n ti sọ pé irọ́ ni ohun tó ń kọ sójú, kí ó má wo ibẹ̀. Ṣé nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni yóò ṣe ba ọjọ́ Olúwa jẹ́? Kò wo ibẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ògiri, ó pa iná.

Ní Mọ́ńdè, ó tan án. Ẹ̀rọ ní òun rí àléébù kan lára àwo, pé òun ń tún un ṣe. Kò béèrè bóyá kí òun tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí di ọ̀sán. Nígbà tó ní òun ti ṣe tán, orúkọ gbogbo orin ti lọ. Orúkọ àwọn àgbà, orúkọ erékùṣù wọn, kò sí ọ̀kankan. Ohun tó kù kò ju wẹ́wẹ́ tí kò lórúkọ lọ. Lesieli ṣí ọ̀kan. Ó gbọ́ èémí Kalisitiane, bó ṣe máa ń fà á kí ó tó gbé orin. Kí ohùn tó jáde, obìnrin ará Ofu kan bẹ̀rẹ̀ láti àárín ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo bí ìgbà tí a ń da òkúta sínú agolo. Ó ṣí òmíràn. Ariwo náà ni.

Kò sunkún. Ó yọ àpótí kọ̀ǹpútà náà kúrò lára ohun gbogbo, ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó sì gbé e gba ojú títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Uaisele. Àwọn tó rí i rò pé oúnjẹ ló gbé.

Uaisele ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fi àwo ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ ní Nukuʻalofa. Àwo padà dé. Wọ́n ní títò ti kọ nǹkan mìíràn lé ohùn náà lórí, àtúnṣe sì ti pa àmì tí ẹ̀rọ fi ń rántí ibi tó fi èyí tó kù sí. Wọ́n ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.

Ọjọ́ tí Lesieli lọ gbọ́ èyí, Uaisele ní nǹkan mìíràn láti kà fún un. Kò wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń kà á.

“Wọ́n ti kéde rẹ̀, Àǹtí. Wọ́n ní ẹ̀rọ ń gbàgbé pé òun ti to àwo, ó sì ń tò ó lóòótọ́, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan. Wọ́n ní èyí tó ń wo àléébù àwo náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Wọ́n ti fi àtúnṣe ránṣẹ́.”

“Àtúnṣe mìíràn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí ni wọ́n sọ nípa àwọn tí tiwọn ti bàjẹ́?”

“Wọ́n ní àwọn díẹ̀ ló kàn.”

“Àwọn díẹ̀.”

“Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, Àǹtí.”

“Èmi ni díẹ̀ yẹn. Kalisitiane ni díẹ̀.” Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ṣófo. “O ṣeun tí o kà á.”

Láti ọjọ́ náà kò bá Uaisele sọ̀rọ̀. Bí Uaisele bá kí i lójú ọ̀nà, á kí ajá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bá ẹni tó ń ta búrẹ́dì jiyàn, kò borí, nítorí ó ń bá a jà lórí ohun tí ọkùnrin náà kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó hun ẹní kan, ó sì tú u. Inú bí i débi pé ìyàwó pásítọ̀ ní òun ń gbọ́ bó ṣe ń gún ewé lódò láti ojú títì kejì.

Pásítọ̀ wa kò fẹ́ràn kí ìjà pẹ́. Ó pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn. A jókòó lórí ẹní. Lesieli wá, ó ti san ẹní ìdí rẹ̀, ẹní kékeré tí a máa ń wọ̀ fún ọ̀wọ̀, mọ́ ìbàdí bó ṣe yẹ, ó sì jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà. Toakase jókòó lókè, níbi tó tọ́ sí i. Uaisele wọlé pẹ̀lú àpótí tuntun kan nínú páálí. Ó gbé e sí àárín ẹní, níwájú pásítọ̀.

“Ẹ̀bùn ni,” ni pásítọ̀ wí. “Ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Uaisele ló mú un wá. Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́, kí a sì fi ọ̀rọ̀ tó kọjá sílẹ̀.”

Uaisele tẹríba. “Mo bẹ gbogbo ilé. Inú mi kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́, ó wà lójú ẹ̀rọ pé kí ẹnikẹ́ni má pa iná. Tí wọn kò bá pa iná lára ògiri ni...”

Ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. “Ìsinmi ti pa orin Ìsinmi.”

Ẹnì kan sọ fún un pé kí ó pa ẹnu dé. Toakase fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹní.

“Kí ẹnikẹ́ni má yọ́ ọ̀rọ̀ sọ nítorí mi,” ni ó wí. “Mo mú ìkejì. Tó bá wù mí lọ́la, màá tún mú nǹkan níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ tèmi ni mo mú. Ìwọ, ọmọ oníṣọ́ọ̀bù, kí lo mú tìrẹ?”

“Ìyá, mi ò mú nǹkan kan.”

“O mú òye Lesieli kúrò lórí rẹ̀. Ó ní ó gbóná. O ní kò gbóná.”

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè. “Lesieli, kí ni tìrẹ?”

Nígbà tí Lesieli sọ̀rọ̀, kò pariwo. N kò gbọ́ ọ rí kí ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́ báyẹn.

“Èmi ni mo pa iná. Ọwọ́ mi ni. Mi ò fi bò. Ẹni tó bá ní kí n má pa á ní ọjọ́ Olúwa, kí ó lọ bá Olúwa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Bí ẹnì kan bá wọ inú àká yín láìkàn sí yín, tó ń tú iṣu yín tò láràárọ̀ nítorí pé ó gbàgbé pé òun ti tò ó lánàá, tó ń fara wọn gbo ara wọn, ẹ óò lé e. Bí ẹ bá lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun, tí wọ́n ní kò wọ àká yín rárá, ojú yín ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ óò bínú. Bí iṣu bá wá jẹrà tán, tí wọ́n ní àwọn díẹ̀ ló kàn, kí lẹ máa ṣe?” Ó yíjú sí Uaisele. “Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kí lo sọ fún mi?”

“Àǹtí, wọ́n ní...”

“Mi ò béèrè ohun tí wọ́n ní. Wọn kò sí níbí. Wọn kò mọ ibi tí Hunga wà. Ìwọ tí bàbá rẹ ń kọrin lẹ́yìn Kalisitiane, kí ni ìwọ sọ fún mi? Sọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́.”

Uaisele wo páálí tó wà lórí ẹní. Ó wo pásítọ̀. A ń dúró dè é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa jáde, ó jáde bí ìgbà tó ń kà á lórí fóònù.

“Àṣìṣe kékeré ni, Àǹtí. Wọ́n ti ṣàtúnṣe rẹ̀.”

Pásítọ̀ ti páálí náà díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Lesieli. “Gbà á, arábìnrin mi. Àyè pọ̀ nínú rẹ̀.”

“Kí ni kí n kó sí àyè náà, Pásítọ̀?” ni Lesieli wí. “Ta ni kí n lọ bá ní Hunga?”

Pásítọ̀ ní kí a gbàdúrà, ó sì di ojú. Lesieli gbé ọwọ́ lélẹ̀, ó dìde, ó fa ẹní ìdí rẹ̀ gún, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde.